Orí Kẹta: Oúnjẹ Ọkọ̀ Ṣáájú Aṣọ Ọkọ̀

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ra Camry, Accord, Sonata tàbí irú ọkọ̀ alábọ́dé bẹ́ẹ̀, tí ẹ sì gbé e wá sí Ushafa, ilẹ̀ tí ọkọ̀ náà yóò máa sùn sí ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Àárín òkè olókùúta ní ìjọba ìbílẹ̀ Bwari ni ìlú àwọn Gbagyi yìí wà, kò jìnnà sí adágún Usuma tí wọ́n ti ń fa omi lọ sí Abuja. Ìkòkò mímọ ni wọ́n mọ ibẹ̀ mọ́, ibẹ̀ náà sì ni Bill Clinton, ààrẹ Amẹ́ríkà ìgbà náà, yà sí ní oṣù kẹjọ ọdún 2000.

Ọ̀nà ọlọ́dà tó ti Dutse Alhaji lọ sí Bwari gba Ushafa kọjá, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti yà kúrò lórí ọ̀dà, yangí ni. Láti nǹkan bí oṣù kọkànlá, yangí yẹn á gbẹ, á di ìyẹ̀fun pupa. Ọyẹ́ á tún kó eruku aṣálẹ̀ Sahara, pàápàá ti Bodélé ní Chad, wá lé e lórí. Tó bá di oṣù kẹta, oòrùn á máa jó òrùlé mọ́tò. Láti oṣù kẹrin títí dé oṣù kẹwàá, òjò á sọ àwọn ọ̀nà ẹsẹ̀kùlé wa di ojú ọ̀gbàrá. Eruku, ooru àti omi ni yóò máa bá yín du ọkọ̀ yín.

Mo ti rí ọ̀pọ̀ aládùúgbò tó ra ọkọ̀, ohun kan náà ló sì sábà máa ń ṣẹlẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, wọ́n ti ra ìbòrí àga, kápẹ́ẹ̀tì, iná aláràbarà àti tẹlifíṣọ̀n fún dáṣíbọ́ọ̀dù. Nígbà tó bá di oṣù kẹfà, owó ọ́ìlì á dìṣòro. Ìdí nìyí tí mo fi to orí yìí bí mo ṣe tò ó: oúnjẹ ọkọ̀ ló ṣáájú, bàtà rẹ̀ ló tẹ̀ lé e, aṣọ ló kẹ́yìn. Kí owó yín náà tẹ̀ lé ètò yìí.

Ìmọ̀ 504 kò tó mọ́

Ọdún 1975 ni ilé iṣẹ́ Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò pọ̀ ní Kaduna, lórí 504 sì ni ọ̀pọ̀ bàbá wa ti kọ́ bí a ṣe ń tọ́jú ọkọ̀. Mọ́tò tó lè fara da ìyà ni. Omi kànga ni wọ́n ń bù sí rédíétọ̀ rẹ̀, ọ́ìlì tó ki ni wọ́n ń dà sí ẹ́ńjìnnì rẹ̀, bó bá sì dákú lójú ọ̀nà, sípánà méjì àti ọgbọ́n orí ló ń jí i. Ìmọ̀ yẹn gbé wọn dé ibi tí wọ́n ń lọ, a kò sì gbọ́dọ̀ fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì òde òní yàtọ̀. Ojú ihò tí ọ́ìlì ń gbà kọjá nínú rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, kọ̀ǹpútà ló ń darí rẹ̀, ohun tí 504 gbé mì láìjanpata lè pa á.

Ìwé tó wà nínú píjìn-họ́ọ̀lù ni àgbà tí ẹ ó máa bi léèrè báyìí. Bí ọkọ̀ bá dé láìní ìwé, Toyota, Honda àti Hyundai gbé ìwé ọkọ̀ wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ tẹ ojú ewé ọ́ìlì, ti táyà àti ti fíúsì jáde sórí bébà, kí ẹ fi sínú ọ̀rá, kí ó máa wà nínú ọkọ̀. Mẹkáníìkì yín náà yóò dúpẹ́.

Bó bá jẹ́ tíà rọ́bà ni ẹ rà, ẹ ní sùúrù pẹ̀lú rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ìwé Toyota ní kí a má ṣe tẹ bíréèkì lójijì fún 300 km àkọ́kọ́, kí a má sì sá eré àsápajúdé tàbí kí a di eré kan ṣoṣo mú fún ìgbà pípẹ́ títí 1,000 km yóò fi pé. Ọ̀nà ńlá Kubwa gbòòrò, ó sì ń dẹ ẹsẹ̀ wò. Ẹ jẹ́ kí àwọn irin inú ọkọ̀ mọ ara wọn ná.

Oúnjẹ àkọ́kọ́: ọ́ìlì

Nọ́ńbà tó wà lára gálọ́ọ̀nù ọ́ìlì, bíi 0W-20 tàbí 20W-50, ń sọ bí ọ́ìlì náà ṣe ń ṣàn. Èyí tó ṣáájú W jẹ́ ti ìgbà tí ẹ́ńjìnnì tutù, èyí tó tẹ̀ lé e jẹ́ ti ìgbà tó gbóná. Camry 2.5 tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà láti 2018, 0W-16 ni ìwé rẹ̀ bèèrè. Bí kò bá sí, ó gba 0W-20, kí a sì padà sí 0W-16 nígbà tí a bá tún fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀. Lítà 4.5 ló ń gbà pẹ̀lú fílítà. Mẹkáníìkì kan lè sọ fún yín pé ooru Abuja pọ̀, kí ẹ da 20W-50 sí i. Ìmọ̀ 504 ló fi ń sọ̀rọ̀. Ẹ dá a lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ìwé ọkọ̀ tiyín bá kọ ni kí ẹ rà, nítorí ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún orílẹ̀-èdè kan lè yàtọ̀ sí ti òmíràn.

Ìgbà wo ni kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀? Ìwé Camry ti Amẹ́ríkà ní 16,000 km tàbí ọdún kan, ṣùgbọ́n ó ní kí ẹni tó ń rìn nínú eruku ṣe é ní 8,000 km tàbí oṣù mẹ́fà. Eruku ni ilé wa, nítorí náà ti ìkejì ni tiwa. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ẹni tó ń rin 60 km lójúmọ́ fún ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, 300 km ló ń rìn lọ́sẹ̀. Yóò pé 8,000 km ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 27, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ oṣù mẹ́fà géérégé. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún nìyẹn: ẹ̀ẹ̀kan kí ọyẹ́ tó dé, ẹ̀ẹ̀kan lẹ́yìn tó bá lọ. Àwọn kan ń ṣe é ní 5,000 km, kò sì burú.

Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé, kí ẹ tó ṣáná sí ọkọ̀, ẹ yọ irin tí a fi ń wọn ọ́ìlì, ẹ nù ún, ẹ tì í bọ̀ ọ́, ẹ tún yọ ọ́. Ọ́ìlì gbọ́dọ̀ wà láàárín àmì méjèèjì. Àárọ̀ kan wà tí mo yọ tèmi tí ó rẹlẹ̀ sí ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo rí ẹ̀kán ọ́ìlì kan ṣoṣo lórí yangí, kò tóbi ju kọ́bọ̀ àtijọ́ lọ. Ìdérí tí wọ́n ń gbà fa ọ́ìlì jáde ni kò fún dáadáa. Bí mo bá ti dúró kí iná pupa tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù kí n tó mọ̀, ẹ́ńjìnnì ni ǹ bá fi sanwó.

Ayédèrú ọ́ìlì pọ̀ lọ́jà. Ọwọ́ ẹni tí ẹ lè padà lọ bá ni kí ẹ ti rà á, yálà ní Zuba, ní Apo tàbí ládùúgbò. Gálọ́ọ̀nù tó bá sì ṣófo, ẹ gún un lọ́bẹ kí ẹ tó jù ú nù, kí àwọn tó ń rọ ayédèrú má baà rí i lò.

Kúláǹtì àti ọ́ìlì gíà

Ẹ má bu omi sí rédíétọ̀. Omi máa ń mú kí ìpẹtà wọ inú rẹ̀, iyọ̀ inú omi kànga á sì máa lẹ̀ mọ́ ọn bí èyí tó ń lẹ̀ mọ́ inú kẹ́tùlù. Kúláǹtì aláwọ̀ ọ̀dòdó ti Toyota lè lo 160,000 km tàbí ọdún mẹ́wàá kí a tó kọ́kọ́ pààrọ̀ rẹ̀, lẹ́yìn náà a ó máa pààrọ̀ rẹ̀ ní 80,000 km tàbí ọdún márùn-ún. Ó ti di pípò láti ilé iṣẹ́, ẹ má tún bu omi là á. Ẹ kò gbọ́dọ̀ ṣí ìdérí rédíétọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì gbóná, ohun yòówù kí ẹnikẹ́ni sọ.

Ọ́ìlì gíà kò jọra láti ilé kan sí ilé kejì. WS ni Toyota ń lò fún gíà aláìfọwọ́yí tirẹ̀, Honda ní HCF-2 fún gíà CVT, Hyundai ní SP-IV. Ẹni tó bá ní ọ́ìlì gíà kan ló ń ṣiṣẹ́ fún gbogbo mọ́tò ń fi gíà yín dánrawò. Ẹ ka orúkọ tó wà nínú ìwé, ẹ ka èyí tó wà lára gálọ́ọ̀nù, kí méjèèjì bára mu kí wọ́n tó ṣí i.

Èémí ọkọ̀

Bí ẹ kò bá gba nǹkan mìíràn gbọ́ nínú orí yìí, ẹ ṣe èyí. Ní ìparí oṣù kìíní, tí ọyẹ́ ti fẹ́ dáadáa, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ tú àpótí dúdú tí páìpù ńlá ti jáde wọ ẹ́ńjìnnì, kí ẹ yọ fílítà afẹ́fẹ́. Funfun ni wọ́n rà á. Àwọ̀ ìkòkò Ushafa ni ẹ ó bá lára rẹ̀. Bí ẹ bá fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gbá táyà, ìyẹ̀fun pupa á dà sílẹ̀ bí èlùbọ́ láti inú asẹ́. Ohun tí ẹ́ńjìnnì ń fà símú láti nǹkan bí oṣù méjì nìyẹn. Bí fílítà bá dí, ọkọ̀ á máa wúwo lẹ́sẹ̀, á sì máa jẹ epo. Bó bá ya, eruku á wọlé, á máa fi inú ẹ́ńjìnnì lọ ata.

Ìwé lè ní kí a lo fílítà náà ju ọdún kan lọ. Ẹni tí ọ̀nà ilé rẹ̀ jẹ́ yangí, kí ó wò ó lóṣooṣù lásìkò ọyẹ́, kí ó sì pààrọ̀ rẹ̀ nígbà tí ọyẹ́ bá lọ. Ẹ má fi omi fọ oníbébà. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi afẹ́fẹ́ líle fọ́n ọn, ó máa ń lu ihò tí ojú kò rí sí i lára.

Fílítà kejì wà fún AC, ẹ̀yìn píjìn-họ́ọ̀lù ló wà nínú Camry. Ẹ lè yọ ọ́ fúnra yín láìlo sípánà kankan. Ìyá kan ládùúgbò wa ń sín nínú ọkọ̀ ọmọ rẹ̀ fún odidi ẹ̀ẹ̀rùn kan, wọ́n ra oògùn títí. Nígbà tí a yọ fílítà náà, ewé gbígbẹ àti ìyẹ́ ẹyẹ ló wà nínú rẹ̀. A pààrọ̀ rẹ̀, AC tún bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ bó ṣe yẹ.

Ẹ̀yin tí ẹ ra Camry aláfikún iná mànàmáná, tí a ń pè ní hybrid, ẹ tún ní èémí kẹta láti ṣọ́. Láti 2025, irú èyí nìkan ni Toyota ń tà ní Camry ní Amẹ́ríkà. Bátìrì ńlá rẹ̀ wà lábẹ́ àga ẹ̀yìn, ojú ihò tó sì ń gbà mí wà níbi tí ẹsẹ̀ èrò ẹ̀yìn ń kàn. Ẹ má kó báàgì dí i, ẹ má jẹ́ kí ìbòrí àga bò ó. Bátìrì tí kò bá rí afẹ́fẹ́ nínú ooru oṣù kẹta kò ní pẹ́ láyé.

Epo

Ní oṣù kejì ọdún 2022, epo bẹntiróòlù tí mẹ́tánọ́ọ̀lù pọ̀ jù nínú rẹ̀ wọ orílẹ̀-èdè yìí láti òkè òkun. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ló dákú, wọ́n sì ní láti kó epo náà kúrò lọ́jà. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ kò le. Ẹ yan ilé epo kan tàbí méjì tí èrò ń wọ́ lọ, kí ẹ máa gba rìsíìtì, kí ẹ má sì ra epo inú kẹ́ẹ̀gì lẹ́bàá ọ̀nà àfi bí ọ̀ràn bá dójú ẹ̀. Bí ọkọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í já kúlú-kúlú ní kété tí ẹ rọ epo, ẹ dúró, ẹ pe mẹkáníìkì. Rìsíìtì yẹn ni ẹ̀rí yín.

Bàtà ọkọ̀

Orí táyà mẹ́rin ni ẹ̀mí yín wà, ibi tí ìkọ̀ọ̀kan sì ti kan ilẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀, ẹ wo bébà tó lẹ̀ mọ́ ara òpó. Ibẹ̀ ni wọ́n kọ ìwọ̀n afẹ́fẹ́ sí, 35 psi ni fún ọ̀pọ̀ Camry tuntun. Àárọ̀ kùtù, nígbà tí táyà tutù, ni kí ẹ wọ̀n ọ́n. Bí ooru bá fi nǹkan bí ìwọ̀n 5 tàbí 6 lórí Sẹ́síọ́ọ̀sì lé, afẹ́fẹ́ inú táyà á fi bíi psi 1 lé. Ẹni tó bá lọ bá fọ́kánáísà lọ́sàn-án lẹ́yìn ìrìn àjò á bá 39 tàbí 40, á ní ó ti pọ̀ jù, á yọ ọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, táyà á ti rọ̀. Ẹ ra ohun ìwọ̀n kékeré tiyín, kí ẹ máa fi í sínú ọkọ̀.

Ẹ̀gbẹ́ táyà ni wọ́n kọ ọjọ́ orí rẹ̀ sí. Ẹ wá lẹ́tà DOT, kí ẹ ka nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn. 2324 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2024. Táyà tó ti pẹ́ nílé ìtajà lè máa dán bí tuntun, kí rọ́bà rẹ̀ ti gbẹ. Táyà tòkunbọ̀ tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí a kò mọ ohun tí ojú rẹ̀ ti rí. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, ìyẹn FRSC, lè dá yín dúró nítorí táyà tó ti gbó, ẹ sì jẹ́ kí a gbà pé ire wa ni wọ́n ń wá níbẹ̀.

Ọ̀ràn nọ́ọ̀tì kọ́ mi lọ́gbọ́n. Ní alẹ́ ọjọ́ òjò kan, táyà mi jò. Mo gbé jáàkì jáde, mo fi sípánà inú búùtù kan nọ́ọ̀tì, kò mira. Mo fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́, kò mira síbẹ̀. Fọ́kánáísà tó kẹ́yìn fún un ti fi páìpù gígùn bọ ẹnu sípánà, ó sì gun orí rẹ̀. Inú òjò ni mo wà títí ẹnìkan fi gbé páìpù tirẹ̀ wá. Ìwọ̀n tí Toyota kọ fún nọ́ọ̀tì Camry ni 103 N·m, èyí kò ju ohun tí apá àgbàlagbà kan lè fi sípánà inú búùtù fún lọ. Ẹ dúró ti fọ́kánáísà, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó lo apá, kí ó má lo ẹsẹ̀, kí ó sì máa fún wọn lódìkejì ara wọn, kì í ṣe ní títẹ̀léra. Táyà ìpààrọ̀ náà ń fẹ́ afẹ́fẹ́, ẹ má gbàgbé rẹ̀ nínú búùtù.

Àwọn obìnrin Gbagyi kì í gbé ẹrù lé orí, èjìká ni wọ́n ń gbé e lé, wọ́n mọ ibi tí agbára wọn wà. Ọkọ̀ náà ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ikùn Camry kò ga ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 14 ààbọ̀ sí ilẹ̀. Bí ẹ bá ra sìmẹ́ǹtì mẹ́fà sínú búùtù, tí ẹ sì gba ọ̀nà yangí wọlé, òkúta á fọwọ́ kan abẹ́ rẹ̀, ṣọ́ọ̀kì àti búùṣì á sì gbà á sára. Ẹ háyà ọkọ̀ akẹ́rù. Lẹ́yìn ìgbà òjò kọ̀ọ̀kan, ẹ lọ ṣe aláímẹ́ǹtì, kí wọ́n sì wo bíréèkì páàdì níbẹ̀.

Fífọ ọkọ̀

Ọkọ̀ dúdú dára lójú, ó sì máa ń sọ àṣírí olówó rẹ̀. Láàárọ̀ ọyẹ́, ọmọ ilé á mú àkísà gbígbẹ, á nu eruku kúrò. Ní ọ̀sán, ẹ wo bọ́nẹ́ẹ̀tì lójú oòrùn, ẹ ó rí ìlà wẹ́ẹ́rẹ́wẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn aláǹtakùn. Iyanrìn ló wà nínú eruku yẹn, ó le ju ọ̀dà ọkọ̀ lọ. Omi ni kí ẹ kọ́kọ́ dà, kí eruku ṣàn lọ, kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Garawa méjì dára ju ọ̀kan lọ, ọ̀kan fún ọṣẹ, ọ̀kan fún ṣíṣan kànìnkànìn. Ọṣẹ ọkọ̀ ni kí ẹ lò, kì í ṣe ọṣẹ aṣọ. Ìgbẹ́ ẹyẹ àti oje igi máńgòrò kò gbọ́dọ̀ sùn mọ́ ọn.

Aṣọ ọkọ̀: kí ni yóò dí?

Wàyí o, ẹ ti bọ́ ọ yó, ẹ ti wọ̀ ọ́ ní bàtà. Ẹ lè ra aṣọ fún un. Ìbéèrè kan ni kí ẹ máa bi ara yín lójú gbogbo ọjà: kí ni nǹkan yìí yóò dí? Ọ̀pọ̀ ohun tí a ń fi kún ọkọ̀ ló ń bo nǹkan tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Kápẹ́ẹ̀tì ni ẹ fi kọ́gbọ́n. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2009, nítòsí San Diego ní Amẹ́ríkà, ènìyàn mẹ́rin kú nínú Lexus ES 350 kan. Kápẹ́ẹ̀tì rọ́bà tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ mìíràn ló wà lẹ́sẹ̀ awakọ̀, ó há pẹ́dà iná mọ́lẹ̀, ọkọ̀ ń sáré, kò sì ṣeé dá dúró. Toyota pe ọkọ̀ mílíọ̀nù 3.8 padà ní Amẹ́ríkà lórí ọ̀ràn kápẹ́ẹ̀tì lọ́dún náà, Camry 2007 sí 2010 sì wà lára wọn. Nítorí náà, kápẹ́ẹ̀tì tó bá ọkọ̀ yín mu gan-an ni kí ẹ rà, kí ìkọ́ rẹ̀ mú u mọ́lẹ̀, kí ẹ má sì tẹ́ ọ̀kan lé orí èkejì. Mo mọ olùkọ́ kan tó tẹ́ mẹ́ta léra nítorí ẹrẹ̀. Mo ní kó fi ọwọ́ tẹ pẹ́dà iná dé ìsàlẹ̀. Kò padà bọ̀ sípò. Ó kó méjì kúrò lójú ẹsẹ̀.

Ìbòrí àga ńkọ́? Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ àga iwájú níhà ilẹ̀kùn. Bí ẹ bá rí àkọlé AIRBAG níbẹ̀, bàlúùnù ìdáàbòbò kan wà nínú àga yẹn tí yóò ti ibẹ̀ tú jáde bí ọkọ̀ mìíràn bá kọlù yín lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìbòrí tí wọ́n rán dí ibẹ̀ lè há a mọ́. Èyí tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀ ni kí ẹ rà.

Gíláàsì dúdú máa ń dín oòrùn kù, ṣùgbọ́n ó ń dí ojú lóru, ó sì ń dí ojú ọlọ́pàá. Láti 1991 ni òfin ìjọba àpapọ̀ ti ka gíláàsì dúdú léèwọ̀ láìgbàṣẹ. Ẹ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ọlọ́pàá kí ẹ tó lẹ ohunkóhun mọ́ ọn. Bébà adíoòrùn tí a ń tẹ́ sójú gíláàsì iwájú nígbà tí ọkọ̀ bá dúró kò nílò ìwé àṣẹ kankan, ó sì ń gba dáṣíbọ́ọ̀dù lọ́wọ́ fífọ́.

Iná funfun olóró tí wọ́n ń fi sínú ilé iná tí a kò ṣe fún un ń fọ́n káàkiri, ó ń dí ojú ẹni tó ń bọ̀. Nẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń so síwájú nítorí òkúta ń dí afẹ́fẹ́ rédíétọ̀ bí kòkòrò àti eruku bá kún un. Rédíò ńlá àti tracker kò burú, tracker tilẹ̀ wúlò, ṣùgbọ́n rẹ̀wáyà tó bá gé wáyà ọkọ̀ láti so wọ́n lè ba wáráńtì jẹ́, ó sì lè dá iná sílẹ̀. Ẹ bèèrè èyí tó ní sọ́kẹ́ẹ̀tì tó bá ọkọ̀ yín mu, tí a kò ní gé ohunkóhun fún, kí ó sì ní fíúsì tirẹ̀.

Bí owó bá kéré, ohun tí èmi yóò kọ́kọ́ rà nìyí, bó ṣe to ara wọn:

1. Ohun ìwọ̀n afẹ́fẹ́ táyà, àti ẹ̀rọ kékeré tó ń fẹ́ táyà láti ara bátìrì.
2. C-caution, ohun ìpaná, jáàkì àti sípánà tó ń ṣiṣẹ́.
3. Kápẹ́ẹ̀tì rọ́bà tó bá ọkọ̀ mu.
4. Bébà adíoòrùn.
5. Tracker, àti àgádágodo sítíárìn tàbí ti pẹ́dà.
6. Rọ́bà adíẹrẹ̀ ẹ̀yìn táyà.
7. Ìbòrí àga tó ṣí lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ẹ má fi òórùn alágolo tàbí láítà sílẹ̀ sínú ọkọ̀ tí oòrùn ń pa. Ó lè bú gbàmù.

Bí tuntun yín bá jẹ́ tòkunbọ̀

Púpọ̀ nínú wa, tòkunbọ̀ ni tuntun wa, kò sì sí ìtìjú nínú rẹ̀. Ẹ pààrọ̀ gbogbo ọ́ìlì àti fílítà lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ má gba ìtàn ẹni tó tà á gbọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ wá nọ́ńbà VIN tó ní lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 lábẹ́ gíláàsì iwájú. Bó bá jẹ́ láti Amẹ́ríkà ló ti wá, ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí ojú òpó NHTSA, àjọ ààbò ojú pópó wọn. Ọ̀fẹ́ ni, yóò sì sọ bí wọ́n bá ní kí a dá ọkọ̀ náà padà fún àtúnṣe kan. Airbag tó lé ní mílíọ̀nù 67 láti ilé iṣẹ́ Takata ni wọ́n pè padà ní Amẹ́ríkà, nítorí ooru àti ọ̀rinrin ń ba ẹ̀tù inú wọn jẹ́ débi pé wọ́n lè fọ́n irin lu awakọ̀. Ọ̀pọ̀ Honda Accord láti 2001 sí 2012 wà lára wọn. Ooru wa kì í ṣe kékeré, nítorí náà ẹ má fi èyí ṣeré.

Ètò ọdún kan ní Ushafa

Oṣù kẹwàá sí ìkọkànlá: ọ́ìlì àti fílítà rẹ̀, aláímẹ́ǹtì, bíréèkì, omi ìfọgíláàsì.
Oṣù kejìlá sí ìkejì: fílítà afẹ́fẹ́ lóṣooṣù, omi kí àkísà tó kan ọkọ̀, iná iwájú títàn nínú ọyẹ́.
Oṣù kẹta: bátìrì, nítorí ooru ló ń pa á, kúláǹtì, fílítà AC.
Oṣù kẹrin sí ìkarùn-ún: ọ́ìlì lẹ́ẹ̀kejì, fílítà afẹ́fẹ́ tuntun, ọwọ́ ìnugíláàsì, ojú táyà.
Oṣù kẹfà sí ìkẹsàn-án: ẹ má wọ ọ̀gbàrá tí ẹ kò rí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá kú sínú omi, ẹ má tún ṣáná sí i, omi tó ti wọ ẹ́ńjìnnì lè tẹ irin inú rẹ̀ kọ́rọ́. Ẹ tì í jáde, ẹ pe mẹkáníìkì.

Ìwé àdójútòfò náà ní ọjọ́ tirẹ̀. Láti 2023, 15,000 náírà ni èyí tó kéré jù lọ fún ọkọ̀ ara ẹni. Ẹ kọ ọjọ́ tí yóò parí sí ibi tí ojú yín yóò máa kàn.

Èyí tó kù ni ìwé kékeré kan àti bírò, nínú píjìn-họ́ọ̀lù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé ọkọ̀. Gbogbo ohun tí ẹ bá pààrọ̀, ẹ kọ ọjọ́, kìlómítà, orúkọ ohun tí ẹ rà àti iye rẹ̀. Mẹkáníìkì tuntun á ti ibẹ̀ mọ ibi tí ẹ bá a dé, ẹni tí yóò rà á lọ́wọ́ yín lọ́la á sì rí bí ẹ ṣe tọ́ ọ. Ẹ mú bírò yẹn nísinsìnyí. Ẹ kọ ọjọ́ òní sí ojú ewé àkọ́kọ́, kí ẹ lọ wo kìlómítà tó wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, kí ẹ kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.